Ìdí tí àwọn ilé iṣẹ́ biotech fi ń ṣùjọ síbì kan, àti ohun tó kàn wá ní Kwara níbẹ̀

Ẹni tó bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀, tó sì fi àmì sí gbogbo ibi tí ilé iṣẹ́ biotech, àwọn tó ń fi ohun alààyè ṣe oògùn, irúgbìn tàbí ohun èlò àyẹ̀wò, wà, yóò rí i pé àmì náà kò fọ́n káàkiri. Wọ́n pọ̀ ní South San Francisco, wọ́n pọ̀ ní Kendall Square ní Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n sì pọ̀ ní Torrey Pines ní San Diego. Owó ilé ní àwọn ibẹ̀ yẹn ga gan-an, ilẹ̀ tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ rẹpẹtẹ níbòmíràn. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ a máa gba ibẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ microbiology àti biochemistry ní Unilorin, ní KWASU ní Málétè, ní Landmark ní Òmù-Àrán, tí wọ́n ń gbèrò láti dá tiwọn sílẹ̀, ni mo ń kọ èyí fún. Ìmọ̀ràn pọ̀ nílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣàlàyé ohun tó gbọ́dọ̀ wà nítòsí àti ohun tó lè wà lọ́nà jíjìn kò pọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń fà wọ́n jọ ni pé a kì í kọ́ iṣẹ́ yìí tán nínú ìwé. Ìwé ìwádìí á sọ pé wọ́n fi ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀bẹ níbí, gé DNA, okùn tó gbé àbùdá ohun alààyè, wọ́n so ó pọ̀, wọ́n fi í sínú bakitéríà. Kò ní sọ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé bakitéríà náà ti dàgbà tó, kò ní sọ pé ike tí wọ́n lò ti kọ́kọ́ tutù nínú yìnyín, kò sì ní sọ èyí tí wọ́n rà tí kò ṣiṣẹ́ rárá. Ọwọ́ ẹni tó ti ṣe é ni ìmọ̀ yẹn wà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ó di dandan kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1972, Stanley Cohen ti Stanford àti Herbert Boyer ti UCSF, yunifásítì California ní San Francisco, pàdé níbi àpérò kan ní Hawaii. Boyer ní ẹ́ńsáìmù EcoRI tó ń gé DNA lójú kan pàtó. Cohen mọ bí wọ́n ṣe ń fi plasmid, òrùka DNA kékeré, sínú bakitéríà. Hawaii ni wọ́n ti ṣe ìpinnu, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà yá ni pé láàbù méjèèjì kò ju nǹkan bíi wákàtí kan nínú mọ́tò síra wọn. Annie Chang, tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù Cohen, San Francisco ló ń gbé, òun ló sì ń gbé ike DNA lọ tó ń gbé e bọ̀. Wọ́n á gé e lọ́dọ̀ Boyer, wọ́n á fi í sínú bakitéríà lọ́dọ̀ Cohen, wọ́n á wo ohun tó hù, wọ́n á tún un ṣe. Nígbà tó fi di 1973, àbájáde iṣẹ́ náà ti jáde. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà ní ìlú tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú nìkan ló lè dé ibẹ̀, gbogbo àtúnṣe kékeré yẹn ìbá máa gba ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Lynne Zucker, Michael Darby àti Marilynn Brewer tẹ ìwádìí kan jáde ní 1998 tó fi ìdí èyí múlẹ̀: ibi tí àwọn ògbóǹtarìgì onímọ̀ nípa gene, ẹyọ àbùdá inú DNA, wà, àti ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló ń sọ ibi tí ilé iṣẹ́ biotech tuntun yóò ti yọ. Kì í ṣe pé yunifásítì wà ní ìlú náà nìkan ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ni kókó.

Ọ̀rọ̀ owó náà ní tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dókòwò nínú irú iṣẹ́ yìí kì í kó gbogbo owó lé yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń pín in ni. Ìpín àkọ́kọ́, kí ẹ fi hàn pé ohun náà ń ṣiṣẹ́ nínú ike. Ìkejì, kí ẹ fi hàn lára eku. Ìkẹta, kí ẹ ṣe é pọ̀ tó láti dán an wò lára ènìyàn. Ní ìparí ìpín kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ lè mọ̀ bóyá èsì náà dá a lójú tàbí wọ́n kàn tò ó sórí ìwé lásán. Àpò owó tó ń ná sábà máa ń ní ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó tú u ká, oògùn tuntun sì lè gba ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dé ọjà, nítorí náà kò ní àkókò tó lè fi ṣòfò. Ó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, ó ń bá wọn wá ọ̀gá tuntun bí èyí tó wà níbẹ̀ kò bá tó iṣẹ́ mọ́, ó sì ń pe olùdókòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti jọ gbé ẹrù náà. Josh Lerner ti Harvard wo ilé iṣẹ́ biotech ní 1995, ó rí i pé olùdókòwò tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju máìlì 5 síbẹ̀ lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ náà ní ìlọ́po méjì ẹni tó wà ní ohun tó ju máìlì 500 lọ.

Genentech ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń rọ ènìyàn láti wò dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló mọ ìparí rẹ̀ tí wọn kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1976, Boyer àti Robert Swanson, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ adókòwò Kleiner & Perkins, fi 500 dọ́là sílẹ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Kleiner & Perkins fi 100,000 dọ́là kún un, Thomas Perkins sì di alága ìgbìmọ̀. Wọn kò fi owó yẹn kọ́ láàbù. Wọ́n fi bẹ UCSF àti ibùdó ìwádìí City of Hope lọ́wẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ àdéhùn, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá bakitéríà lè ṣe èròjà ara ènìyàn. Ní 1977 wọ́n rí somatostatin, èròjà kékeré kan nínú ara ènìyàn, ṣe. Ní 1978 wọ́n rí ínsúlíìnì ènìyàn, oògùn àtọ̀gbẹ, ṣe. Ilé iṣẹ́ oògùn ńlá Eli Lilly gbà á lọ sí ọjà, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1982. Kí ínsúlíìnì náà tó dé ọjà, ní oṣù kẹwàá 1980, wọ́n ti ta ìpín ilé iṣẹ́ náà fún gbogbo ayé ní 35 dọ́là ẹyọ kan, ó sì ròkè kọjá 80 lọ́jọ́ kan náà.

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó yẹ kí ará Kwara dúró lé lórí. City of Hope, níbi tí Keiichi Itakura àti Arthur Riggs ti ń ṣe DNA náà láti inú kẹ́míkà, ẹ̀gbẹ́ Los Angeles ló wà, ó jìnnà púpọ̀ sí San Francisco. Kí ló dé tí jíjìn yẹn kò pa iṣẹ́ náà lára? Nítorí DNA gbígbẹ nínú ike kékeré lè rìnrìn àjò, kò ní bàjẹ́, kò sì sí ohun tí wọ́n ń yí padà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bakitéríà tí wọ́n ń wò láàárọ̀ lálẹ́, tí wọ́n ń tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe, òun ni wọn kò jẹ́ kó jìnnà sí àwọn tó mọwọ́ rẹ̀. Ohun tó ń yí padà lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́ ni kó wà nítòsí. Ohun tó ti parí, tó ṣeé dì, ẹ lè gbà á láti ibikíbi.

Òṣìṣẹ́ ni ìdí kẹta. Ní 1978, Ivor Royston àti Howard Birndorf ti UCSD, yunifásítì California ní San Diego, dá Hybritech sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa ṣe antibody, èròjà ara tó ń dá àìsàn mọ̀, fún àyẹ̀wò àìsàn. Eli Lilly rà á ní 1986. Láàrin ọdún díẹ̀ sí i, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ kò lè fara da bí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń darí wọn, wọ́n sì jáde lọ dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Wọ́n ní ìrírí, wọ́n ní owó lọ́wọ́, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè pè. Òfin California ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni kò ti jẹ́ kí ọ̀gá fi àdéhùn dí òṣìṣẹ́ tó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá padà pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́sẹ̀ kejì láìkó kúrò nílé, láìgba ọmọ kúrò níléèwé. Ìdí nìyẹn tí onímọ̀ tó dára fi ń gbà láti ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kékeré tó lè kú. Nílẹ̀ wa, nígbà tí 54gene, ilé iṣẹ́ tó ń ka gene àwọn ará Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, kógbá wọlé ní 2023 lẹ́yìn tó ti kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 45 dọ́là jọ, ibi tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lè gbé ìmọ̀ náà lọ nítòsí kò pọ̀. Àdánù yẹn dùn mí ju ti owó lọ.

Òfin tó ń darí iṣẹ́ yìí pẹ̀lú jẹ́ ìdí kan, ṣùgbọ́n mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1976, ìgbìmọ̀ ìlú Cambridge lábẹ́ Alfred Vellucci, olórí ìlú náà, dá àwọn iṣẹ́ DNA kan dúró ní Harvard àti MIT fún ìgbà díẹ̀. Ní 1977 wọ́n ṣe òfin tó sọ ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́. Ilé iṣẹ́ tó bá wá síbẹ̀ lẹ́yìn náà mọ ibi tí òun dúró. Tiwa ni òfin ìdáàbòbò ohun alààyè ti 2015 tó dá NBMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò iṣẹ́ yìí, sílẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ yí gene irúgbìn tàbí bakitéríà padà ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò ti kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ.

Àwa ní Ìlọrin mọ irú ìṣùjọ yìí tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá amọ̀kòkò Dàda ní Òkèlele kò fọ́n ká gbogbo ìlú. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ lọ sí Tánkẹ̀ yóò máa dá wá amọ̀, yóò máa dá wá ohun tí yóò fi sun ìkòkò, àwọn tó ń kó ọjà lọ sí ìlú mìíràn kò sì ní yà síbẹ̀ tìtorí ìkòkò ẹnì kan.

Ohun èlò ni mo fẹ́ fara balẹ̀ lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù fún ẹni tó jìnnà. Ní Boston, New England Biolabs tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù wà ní Ipswich nítòsí. Ohun tí ẹ bá bèèrè lónìí lè dé lọ́la. Ẹ wá wo ẹni tó wà ní Ìlọrin tó ra competent cells, bakitéríà E. coli tí wọ́n ti pèsè láti gba DNA. Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é títí dé ọ̀dọ̀ yín, -80°C ló yẹ kó wà. Páálí onífóòmù tó ní dry ice ni wọ́n ń fi gbé e. Dry ice, gáàsì carbon dioxide tó ti dì, wà ní nǹkan bíi -78°C, kì í yọ́ di omi, inú afẹ́fẹ́ ló ń lọ. Nǹkan bíi kìlógíráàmù 2 sí 5 ló ń lọ lójúmọ́ nínú páálí tó dára. Páálí tó gbé kìlógíráàmù 10 wá ní ọjọ́ méjì sí márùn-ún péré. Bí ó bá balẹ̀ sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì, tí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù kò parí, ọjọ́ Ajé ni wọn yóò ṣí i, kò sì ní sí dry ice nínú rẹ̀ mọ́.

Ohun tó burú jù ni pé bakitéríà tó ti yọ́ tó sì tún dì kò yàtọ̀ lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò ó, nǹkan kan kò ní hù, yóò rò pé DNA òun ni kò dára, yóò sì fi oṣù kan tún un ṣe. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí páálí bá dé, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ dán an wò pẹ̀lú pUC19, plasmid tí wọ́n sábà fi ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń mú 10⁸ colony, ìyẹn ìṣùjọ bakitéríà tó hù lórí àwo, wá fún máíkírógíráàmù DNA kan, 100 píkógíráàmù pUC19 yẹ kó mú 10,000 wá. Bí ẹ bá tẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sórí àwo, nǹkan bíi 100 ló yẹ kó hù. Bí ẹ bá rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òtútù ti já lójú ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n máa fi ọjà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé nìkan, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ka ìwọ̀n òtútù sínú páálí, kí aṣojú yín ní Èkó sì ní dry ice tí yóò fi kún un.

Ohun tó tún dára ju ìyẹn lọ ni kí ẹ máa ṣe competent cells yín fúnra yín. Ẹ gbin E. coli títí OD600 rẹ̀, ìwọ̀n tó ń sọ bí bakitéríà ṣe pọ̀ tó nínú omi, yóò fi dé nǹkan bíi 0.4, ẹ gbé e sínú yìnyín, ẹ fi calcium chloride 100 mM tó tutù fọ̀ ọ́, ẹ fi glycerol tó jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, ẹ pín in sínú ike kéékèèké, ẹ gbé e sí -80°C. Yóò mú 10⁶ sí 10⁷ wá, ìyẹn sì tó fún iṣẹ́ plasmid ojoojúmọ́. Ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA kò le tó bẹ́ẹ̀: -20°C ló tó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í sínú fíríìsà tó ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀, nítorí pé ó ń gbóná díẹ̀ lóòrèkóòrè. Fún PCR, ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA di púpọ̀, ẹ wá ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ti gbẹ, tó lè dúró nínú afẹ́fẹ́ yàrá.

Fíríìsà -80°C fúnra rẹ̀ ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ méjì tó ń ti ara wọn lẹ́yìn. Bí iná NEPA bá lọ tó sì padà dé lójú ẹsẹ̀, wọn yóò fẹ́ ṣiṣẹ́ nígbà tí gáàsì inú wọn ṣì ń ti, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jóná. Stabilizer tó ń dúró fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó fún un níná ni ẹ máa rà ṣáájú fíríìsà náà. Ẹ fi ike omi tó ti dì kún àyè tó bá ṣófo nínú rẹ̀, kí òtútù lè pẹ́ nínú rẹ̀ bí iná bá lọ.

Kí wá ni ẹni tó wà ní Kwara lè ṣe tí àyíká rẹ̀ yóò gbè é? Oògùn tuntun kọ́. Ẹ wo ohun tó wà nítòsí wa. IITA, ibùdó ìwádìí irúgbìn ilẹ̀ olóoru, ti wà ní Ìbàdàn láti 1967, nǹkan bíi 160 kìlómítà sí Ìlọrin. ACEGID, ibùdó ìwádìí gene kòkòrò àìsàn tí Christian Happi dá sílẹ̀, tí wọ́n ti wá ń pè ní Institute of Genomics and Global Health, wà ní Redeemer's University ní Ẹdẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka gene kòkòrò COVID ní Áfíríkà ní 2020. Ilé ìwòsàn UITH wà ní Oke-Ose, NCAM, ibùdó ìjọba fún ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Ìdòfìàn. Oko ẹ̀gẹ́ àti iṣu sì kún Ìgbómìnà, Ọ̀fà àti Èkìtì Kwara. Irúgbìn tó mọ́ àti ohun èlò àyẹ̀wò ni àyíká yìí lè gbé.

Ẹ mú ẹ̀gẹ́. Àgbẹ̀ ń gé igi láti oko ọdún tó kọjá, ó sì ń gbin àrùn mosaic mọ́ ọn. Láàbù tó ń sọ igi tó mọ́ di púpọ̀ nínú ìgò kò nílò dry ice. Ọmọ ẹ̀gẹ́ nínú ike tí wọ́n ti dé pa lè wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn, yóò dé láàyè. Fún lítà oúnjẹ rẹ̀ kan: MS (àpòpọ̀ iyọ̀ tí wọ́n fi ń bọ́ igi inú ìgò) gíráàmù 4.4, ṣúgà gíráàmù 20 sí 30, pH 5.7 sí 5.8 kí ẹ tó fi agar gíráàmù 7 sí 8 sí i, lẹ́yìn náà ẹ gbé e sínú autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò, ní 121°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí pH bá lọ sílẹ̀ ju 5 lọ, agar kò ní dì dáadáa. Ẹ gé igi tó ní ojú kan, ẹ fi í sínú ethanol ìdá 70 fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà sínú bleach tó jẹ́ ìdá 10 sí 20 pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, kí ẹ fi omi tó mọ́ kòkòrò fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iná wákàtí 16 lójúmọ́, 25 sí 28°C. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ẹ tún un gé.

Bí ìgò bá bu, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ó bá yọ láti ara igi láàrin ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, bleach kò ràn án. Bí ó bá yọ lórí agar níbi tó jìnnà sí igi, autoclave tàbí afẹ́fẹ́ inú hood, àpótí afẹ́fẹ́ mímọ́ tí ẹ ti ń gé igi, ló fà á. Bí ìdí igi bá ń ṣe kùrukùru funfun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, bakitéríà ti wà nínú ẹran igi náà kí ẹ tó gé e, kò sì sí bleach tó lè kàn án. Ẹ dà á nù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara igi mìíràn. Lẹ́yìn ìgò, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lábẹ́ ọ̀rá tó ní ọ̀rinrin ni kí wọ́n lò kí wọ́n tó rí oòrùn gidi. Nígbà ọyẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń kú níbẹ̀, nítorí ewé inú ìgò kò tíì mọ bí a ṣe ń pa omi mọ́. Ẹ má kó wọn jáde ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní.

Kí ẹ tó tà á, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NASC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó irúgbìn, kí ẹ sì mọ ẹni tó ni irú ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń sọ di púpọ̀, nítorí òfin tó dáàbò bo irúgbìn tuntun ti wà láti 2021. Pátẹ́ǹtì Nàìjíríà, tó jẹ́ ogún ọdún, kò gba irú igi tàbí ẹran ọ̀sìn rárá. Ó gba ọ̀nà iṣẹ́ tàbí ẹ̀rọ tuntun, bí ẹ kò bá tíì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ìwádìí lọ sí àpérò kí wọ́n tó lọ sí ọ́fíìsì tí NOTAP, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, dá sílẹ̀ ní àwọn yunifásítì fún ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti sọ ní gbangba, ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ ti bọ́.

Kò di dandan kí owó fún irú iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ yìí ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dókòwò nínú áàpù báńkì ní Èkó wá. Àwọn tó ń ṣe gàrí àti sítáàṣì lè san owó ṣáájú fún igi tó mọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Olùdókòwò tó bá sì fẹ́ wá, ẹ ṣe iṣẹ́ tí ìtòsí ìbá ti ṣe fún un: ojú ewé kan lóṣooṣù pẹ̀lú àwòrán, iye ìgò tó bu, iye tó yè, àti àyẹ̀wò kan náà tí láàbù mìíràn ti ṣe láìsí ọwọ́ yín níbẹ̀.

Mi ò fara mọ́ ọn pé kí ìjọba kọ́kọ́ kọ́ ilé ńlá. Ilé tí kò ní ẹni tó mọwọ́ iṣẹ́ nínú yóò ṣófo ni. Owó yẹn, kí wọ́n fi rán ọ̀dọ́ mẹ́wàá lọ sí Ìbàdàn àti Ẹdẹ fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì fi èyí tó kù ra iná tí kì í lọ fún láàbù tó ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí lè ṣe bíi ti Genentech, kó háyà láàbù yunifásítì lábẹ́ àdéhùn. Kí àdéhùn náà sọ ẹni tó ni èsì, ẹni tó ń san owó dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, ìgbà tí wọ́n lè wọlé, àti pé ike kan nínú gbogbo bakitéríà àti ìgò kan nínú gbogbo ẹ̀gẹ́ yín yóò máa wà ní láàbù kejì, ní ìlú mìíràn, tí iná rẹ̀ kò bá tiyín tan pọ̀.